Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìrìn Àjò Òpin Ọ̀sẹ̀ ní Ìlú Ọba

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ẹ̀yìn ọjà Tákíè ni ilé wa. Oṣù Kẹsàn-án ni mo ń lọ kàwé ní Leeds. Mo fẹ́ máa fi òpin ọ̀sẹ̀ rìn ká ìlú Ọba, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́hùn-ún ní owó ọkọ̀ ojú irin nìkan á jẹ owó oúnjẹ mi tán. Ṣé lóòótọ́ ni? Ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Àbúrò, òótọ́ ni fún ẹni tó bá dúró dìgbà tó dé ibùdókọ̀ láàárọ̀ Sátidé kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó kọ́kọ́ wọkọ̀ àti ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, iye kan náà ni wọ́n ń san dé Ìbàdàn. Ti ọ̀hún ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè jókòó ti ara yín nínú ọkọ̀ kan náà kí owó tí o san jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ẹnìkejì. Ọjọ́ tí o ra tíkẹ́ẹ̀tì àti irú èyí tí o rà ló ń fà á.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Advance ló sábà máa ń wọ́n kéré jù. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n máa ń gbé e jáde, bí ọjọ́ sì ṣe ń sún mọ́lé lowó rẹ̀ ń gòkè. Àmọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún. Bí ọkọ̀ 8:15 bá fi ọ́ sílẹ̀ nítorí pé o sùn gbàgbé, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ti kú, kò lè gbé ọ wọ ọkọ̀ 8:45. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tó gbé ọ wá ló pẹ́ tí ìkejì fi já ọ sílẹ̀, ìyẹn yàtọ̀: wọ́n á jẹ́ kí o wọ èyí tó tẹ̀ lé e, ṣáà bá òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ sọ̀rọ̀ kí o tó wọ̀ ọ́. Má sì bọ́ọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà kí o tó débi tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, Advance ò gba ìyẹn. Bí o bá fẹ́ òmìnira díẹ̀, Off-Peak, tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà tí èrò ò pọ̀, ni kí o rà. Kò so ọ́ mọ́ ọkọ̀ kan, ó sì sábà máa ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Anytime, èyí tí èèyàn lè lò nígbàkigbà, ò kan akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré òpin ọ̀sẹ̀.

Kí o tó ra ohunkóhun, kọ́kọ́ gba káàdì 16-25 Railcard. £35 ni fún ọdún kan, ó sì ń gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lára owó ọkọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí ìrìn àjò rẹ bá ti tó £105 ní ojúlówó iye rẹ̀, káàdì ti dá owó ara rẹ̀ padà. Ẹni tó ti lé ní ọdún 25 náà lè gbà á bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún, yunifásítì rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀, láti aago 4:30 sí 10:00 àárọ̀, wọn kì í jẹ́ kí owó tí o máa san wá sílẹ̀ ju £12 lọ, àfi nínú oṣù Keje àti Ìkẹjọ. Kò sí irú ìyẹn ní òpin ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni káàdì yìí ti dùn. Orí fóònù ló sábà máa ń wà, nítorí náà bátìrì tó kú lè sọ ọ́ di ẹni tí kò ní káàdì lójú ayẹ̀wé-wò. Owó ìtanràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ £100, lẹ́yìn owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí o bá san án láàárín ọjọ́ 21, ó di £50.

Ohun tó ń ba ìrìn àjò Sọ́ńdè jẹ́ jù ni àtúnṣe ojú irin. Òpin ọ̀sẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ò rìn ni wọ́n fi ń ṣe é, bọ́ọ̀sì ni wọ́n á sì kó èrò sí, ìrìn wákàtí kan á di méjì. Alẹ́ Tọ́sìdeè ni kí o lọ wò ó lórí ìkànnì National Rail. Bí ọkọ̀ bá sì pẹ́, béèrè owó rẹ: ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rélùwéè, ìṣẹ́jú 15 ń dá ìdá mẹ́rin kan padà, 30 ń dá ìdajì, wákàtí kan sì ń dá gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan padà. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fún ọ láti béèrè. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í béèrè rárá.

York ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni láti Leeds. Odi ìlú àtijọ́ rẹ̀ ṣì wà, ó gùn tó kìlómítà mẹ́ta ààbọ̀, ọ̀fẹ́ lo máa fi rìn lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ náà ni National Railway Museum, níbi tí Mallard wà, ọkọ̀ olóoru tó sá eré máìlì 126 ní wákàtí kan lọ́dún 1938, tí irú rẹ̀ kankan ò tíì borí rẹ̀. Yóò gbówó lọ́wọ́ rẹ kí o tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Minster.

Fún Whitby létí òkun, gbàgbé ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì 840 ni kí o wọ̀ láti Leeds. Ìjọba ti fi òté lé owó ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ ju £3 lọ ní àlọ kan. Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ wàá rí orí òkè àti pápá. Àtẹ̀gùn 199 ló gòkè lọ sí ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Bí o bá ra ẹja díndín, fẹ̀yìn ti ògiri kí o tó ṣí i: ẹyẹ òkun ibẹ̀ máa ń gba ẹ̀yìn wá já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Lọ́ńdọ̀nù jìnnà, bọ́ọ̀sì ńlá ló máa ń wọ́n kéré, àmọ́ ó lè gba wákàtí márùn-ún. British Museum kì í gbówó ìwọlé. Gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yàrá Áfíríkà ṣí. Orí idẹ Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀, lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, ọdún tí Mallard sá eré rẹ̀ gan-an.

Fi ìrìn ẹsẹ̀ gígùn sí oṣù Karùn-ún sí Ìkẹsàn-án. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi ń kàwé ní Glasgow. Ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Belfast, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Dublin, pé kò sẹ́ni tó ń wo ìwé ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ọkàn mi ò balẹ̀.
Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Mà, ẹ ní kó má kọjá Belfast. Abẹ́ ìlú Ọba ni Belfast wà, físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbé e débẹ̀. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni Dublin, ọmọ Nàìjíríà sì gbọ́dọ̀ gba físà Írẹ́lándì kó tó wọ ibẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n fi ń gba físà ara wọn, àmọ́ ọmọ Ṣáínà àti ọmọ Íńdíà nìkan ló wà fún.

Òótọ́ ni pé kò sí géètì ní ẹnubodè. Ohun téèyàn máa rí ò ju pátákó ojú ọ̀nà lọ: ìwọ̀n eré ọkọ̀ tí wọ́n ń kọ ní máìlì á di kìlómítà. Àmọ́ àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ a máa wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin láti yẹ ìwé wò. Bí wọ́n bá dá a padà, ó ti di ohun tí yóò máa kọ sí fọ́ọ̀mù físà ìlú Ọba, torí wọ́n máa ń béèrè bóyá orílẹ̀-èdè kankan ti kọ èèyàn rí. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ní ìwé ìrìnnà ìlú Ọba lè má mọ èyí, nítorí kò kàn wọ́n.

Láti Belfast, kó lọ wo Giant's Causeway, òkúta dúdú bí 40,000 tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde, tó sì là sí òpó òpó létí òkun. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kì í sanwó. Ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ilé tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ibẹ̀ fún àlejò ni wọ́n ń gbowó sí. Kó má dúró lórí èyí tó tutù, ó ń yọ̀. Kó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání nítorí ọkọ̀ ojú omi.

Bí kò bá sì tíì pé ọdún 22, kó gba káàdì bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ti Skọ́tlándì. Ó ń gbé èèyàn láti Glasgow dé Inverness láìsan kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni kí ọmọ gbé dání?
Bàbá kan, Owódé, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Bàbá, kóòtù òjò tó ní fìlà ni, agboòrùn ò wúlò nínú atẹ́gùn etí òkun. Kó mú ṣájà fóònù tó ń gbé iná pamọ́, ike omi, àti oúnjẹ láti ilé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí mẹ́fà péré ni àwọn ilé ìtajà ńlá fi ń ṣí ní Sọ́ńdè, ẹni tó bá fi oúnjẹ alẹ́ sí ìrètí wọn lè bá ilẹ̀kùn ní títì.