Ẹni tó ń ta fóònù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n fi OTP ránṣẹ́. Iléṣà ni mo wà. Ṣé kò léwu?

Ó léwu o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́. OTP, ìyẹn nọ́ńbà ìgbà kan ṣoṣo tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí owó yín ní báǹkì. Ojú ibi tí ẹ ti ń fọwọ́ ara yín sanwó nìkan ni ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń tajà lóòótọ́ kì í béèrè rẹ̀ lórí WhatsApp. Bákan náà ni PIN àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì. BVN àti NIN yín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà 11, kò kan ẹni tó ń ta fóònù rárá.

Bí ó bá gbà kí ẹ sanwó nígbà tí ọjà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ìyẹn ló dára jù lójú tèmi. Ibi tí èrò pọ̀ sí, bíi Ereja, ni kí ẹ ti pàdé rẹ̀, lọ́sàn-án, kí ẹ sì tan fóònù náà wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá ti fi OTP náà ránṣẹ́, ẹ pe báǹkì yín báyìí, kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa.