Èsì: Táyà tòkunbọ̀ fún ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá kí ẹ ra táyà tòkunbọ̀ mẹ́rin tí ẹ rí, láti máa fi rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn. Ẹ má tìtorí pé ojú táyà tòkunbọ̀ mẹ́rin náà ṣì nípọn kí ẹ rà wọ́n. Ọjọ́ orí wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Lára ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n kọ lẹ́tà DOT sí, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà a máa gbẹ, a sì máa sán, bí a kò tilẹ̀ lò ó. Nígbà tí ooru ọ̀sán, ẹrù àti eré bá pàdé lára rẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ó lè bẹ́ lójijì.

Bí ó bá jẹ́ pé inú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín Tákíé sí Sábó, nìkan ni ẹ ń rìn, n kò ní le tó báyìí.

Bí owó kò bá tó mẹ́rin tuntun, ẹ ra méjì, kí ẹ sì fi wọ́n sẹ́yìn, ohun yòówù kí fọkanáísà sọ, nítorí pé bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀ nínú òjò, ọkọ̀ yóò yí po kí awakọ̀ tó rí nǹkan ṣe.