Èsì: Ṣé kó wọ bọ́dìn ni, àbí kó máa ti ilé lọ?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Màmá. Ẹ ní ọmọbìnrin yín ò mọ èwo ni kóun mú, bóyá kóun wọ bọ́dìn, ìyẹn kóun máa gbé nílé ìwé, àbí kóun máa ti ilé lọ. Ará bọ́dìn àti ará ilé (àwọn tó ń ti ilé wá), kíláàsì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Ìgbà tí aago ìjáde bá lù ni ìyàtọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ará ilé á gbé báàgì relé, ará bọ́dìn á lọ fọ ìbọ̀sẹ̀, kó tó padà wá kàwé alẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tèmi ní bọ́dìn, abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti ń sunkún (ẹ má sọ fún un o!). Ẹ béèrè ìgbà tí ẹgbẹ́ akọrin àti eré ìdárayá ń pàdé. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ará ilé ló sábà máa ń pàdánù ẹ̀.