Kí o tó sọ aláǹtakùn yẹn lórúkọ

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o rí aláǹtakùn kékeré kan nínú ewé tó jábọ́ sílẹ̀ ní igbó Ngel Nyaki, lórí òkè Mambilla, o wá orúkọ rẹ̀ títí, o ò rí i. O wá fẹ́ mọ mélòó lo gbọ́dọ̀ mú kí o tó lè kéde pé irú tuntun ni, àti bóyá o lè fi orúkọ ìyá rẹ sọ ọ́.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tuntun lóòótọ́. Igbó orí òkè bẹ́ẹ̀ dà bí erékùṣù. Pápá koríko ló yí i ká, ohun tí ara rẹ̀ ti mọ́ òtútù àti kùrukùru kò sì lè gba inú oòrùn kọjá sí òkè kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí lórí àwọn òkè Usambara àti Udzungwa ní Tanzania, níbi tó jẹ́ pé òkè kan ṣoṣo ni àwọn aláǹtakùn kan wà. Ṣùgbọ́n inú igbó kọ́ la ti ń mọ̀ pé nǹkan jẹ́ tuntun. Inú kọ́bọ́ọ̀dù mùsíọ́mù ni, ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo.

Òkè Obudu ni mo ti rí tèmi, akọ ni gbogbo wọn. Nígbà tí mo yẹ ìwé wò, mo rí i pé òyìnbó kan ti kọ ìlà bíi mélòó kan nípa aláǹtakùn kan tó jọ ọ́, láti apá Cameroon, nígbà ìjọba amúnisìn. Abo kan ṣoṣo ló rí. Kò ya àwòrán kankan, àwọ̀ ẹsẹ̀ ló ń rò. Ta ló wá fẹ́ sọ pé akọ tèmi kì í ṣe ọkọ abo tiẹ̀? Àfi kí n rí abo yẹn. Ó sì wà ní mùsíọ́mù kan ní Yúróòpù.

Mo kọ̀wé, wọn ò dáhùn. Mo tún kọ. Ìgbà tí èsì yóò dé, wọ́n ní àwọn kì í fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, kí n wá wò ó níbẹ̀. Mo lọ tọrọ físà. Ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi òkú aláǹtakùn ṣe, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni wọ́n ti mú un lọ, àwa tó wà nítòsí òkè náà ni wọn ò jẹ́ kó fojú kàn án.

Fọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kò wúlò rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n yà. Ẹ̀yìn aláǹtakùn kì í sọ ohun tó pọ̀. Ibi ìbímọ abo, tí wọ́n ń pè ní epigyne, abẹ́ ikùn ló wà. Ti akọ wà ní ṣóńṣó ọwọ́ kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń ya irú kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ ló ṣàánú mi, tó yí i dojú kọ òkè, tó sì sún máíkírósíkóópù mọ́ ọn. Ihò kékeré méjì fara hàn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ìdọ̀tí ti dí èyí tó wà lápá òsì. Nígbà tí mo padà sí Obudu tí mo rí abo tèmi ní ibi kan náà pẹ̀lú akọ rẹ̀, ihò tiẹ̀ jìnnà síra gan-an. Ìgbà yẹn lọkàn mi tó balẹ̀.

Nítorí náà, kọ̀wé sí mùsíọ́mù lónìí, kí o tó kọ ohunkóhun mìíràn. Sọ fún wọn pé abẹ́ ikùn lo fẹ́, kí wọ́n sún mọ́ ọn, kí wọ́n ya fọ́tò bébà inú ìgò rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti mú un sí. Kí o tó mọ mùsíọ́mù wo ni, forúkọ sílẹ̀ ní World Spider Catalog, àkójọ orúkọ aláǹtakùn gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí mùsíọ́mù ìlú Bern ní Switzerland ń tọ́jú. Ọ̀fẹ́ ni, wọn yóò sì jẹ́ kí o ka àwọn ìwé àtijọ́. Irú aláǹtakùn tó wà níbẹ̀ ti lé ní 50,000 láti ọdún 2022, má sì rò pé Google lásán yóò tó ọ.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Taraba ló ni Ngel Nyaki, ìjọba àpapọ̀ ló ni Gashaka-Gumti tó wà nítòsí rẹ̀. Ìwé ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ ní èkejì. Ọ̀gá kan jókòó lé ìwé tèmi fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń bi mí bóyá oògùn ni mo fẹ́ fi ṣe. Fara dà á, torí láti ìgbà tí Àdéhùn Nagoya, àdéhùn àgbáyé lórí àṣẹ tí orílẹ̀-èdè ní lórí àwọn ohun alààyè rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, wọn yóò bi ọ́ níbi tó pọ̀ pé ta ló fún ọ láṣẹ.

Bí o bá fẹ́ fi ọkọ̀ òfuurufú kó òkú aláǹtakùn ránṣẹ́, má jẹ́ kí wọ́n fi ọtí tí a fi ń pa á mọ́ dẹ́rù bà ọ́. Òfin àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń jẹ́ A180 gba ọtí tí kò ju 30 mL lọ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Kọ nọ́ńbà òfin náà sára páálí gbàgàdà. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ bébà inú ìgò, ọtí a máa fọ yíǹkì báírò dànù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tó ń rí àwọn aláǹtakùn ńlá onírun, ẹ má gbé ibi tí ẹ ti rí wọn sórí Facebook. Àwọn kan ń tà wọ́n fún àwọn tó ń sìn wọ́n nílé ní òkè òkun. Wọ́n ń ta àwọn Hysterocrates, ọ̀kan lára àwọn onírun náà, tó wá láti Cameroon bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan tó yẹ iṣẹ́ mi wò fi dandan lé DNA. DNA dára, fi ẹsẹ̀ kan pamọ́ sínú ọtí 95% fún un, ṣùgbọ́n òfin àgbáyé lórí ìsọlórúkọ ẹranko kò béèrè rẹ̀. Ohun tó ń béèrè láti ọdún 2000 ni pé kí o yan holotype, ìyẹn òkú kan ṣoṣo tí orúkọ náà dúró lé, kí o sì sọ ibi tí yóò wà. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìwé náà yóò ti jáde, ó gbọ́dọ̀ ti wà ní ZooBank, ibi ìforúkọsílẹ̀ orúkọ ẹranko lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣáájú.

O lè lo orúkọ ìyá rẹ. Bí wọ́n bá ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, abekeae ni yóò jẹ́ nínú orúkọ sáyẹ́ǹsì aláǹtakùn náà, kò sí àmì ohùn níbẹ̀.

Wá akọ àti abo tó ti dàgbà ní ibi kan náà. Ọmọ tí kò tíì bọ́ awọ ìkẹyìn, dá a padà sínú ewé. Bí o bá ti rí abo, fi fọ́tò abẹ́ ikùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá bá ọ wò ó.