Wákàtí méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì Zoutleeuw? Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìlẹ̀kùn ná

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá wákàtí méjì tó láti wo ṣọ́ọ̀ṣì Sint-Leonardus ní Zoutleeuw, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Oṣù Kejìlá ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo ti pe ọ́fíìsì kan tó máa ń tọ́ àlejò sọ́nà, obìnrin tó gbé fóònù ní wọ́n ṣí. Rélùwéè dé Tienen, bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀, ìyẹn ò le. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ó tì pa! Mo kànkùn títí ọwọ́ mi fi kú. Mo yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mẹta nínú òjò, bóyá ìlẹ̀kùn mìíràn wà. Mo tún pe ọ́fíìsì yẹn, ọkùnrin ló gbé e báyìí, ó ní ta ló sọ fún mi pé wọ́n ń ṣí nígbà òtútù. Mo ní obìnrin yín ni. Ó ní kò sí obìnrin kankan lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣé iwin ló bá mi sọ̀rọ̀ ni? Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo fi dúró de bọ́ọ̀sì, lábẹ́ òrùlé tí kò fẹ̀ ju agboòrùn lọ. Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ní Léónáàdì Mímọ́, ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, máa ń tú sílẹ̀ o. Èmi, ìta ló há mi mọ́.

Nítorí náà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́, pẹ̀lú déètì.

Oṣù Keje ni mo padà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gbẹ́ni afinimọ̀nà kan ti ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó fọ́ ère ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri lọ́dún 1566 ti fọ́ gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni. Wọn ò fọwọ́ kan ti Zoutleeuw. Nígbà tí àwọn Faransé tún dé ní ìparí ọ̀rúndún 18, tí wọ́n ń ta ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ibẹ̀ búra fún ìjọba wọn, wọ́n sì fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é ní ojo. Èmi ti rí ohun tí ìbúra yẹn gbà là.

Gogoro òkúta funfun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe láti máa tọ́jú búrẹ́dì mímọ́, ó ga ní mítà 18, ère ló kún un látìsàlẹ̀ dókè. Cornelis Floris ará Antwerp ló gbẹ́ ẹ láàárín 1550 sí 1552; Maarten van Wilre àti ìyàwó rẹ̀ ló sanwó rẹ̀. Ẹ mú awò awọ̀nàjíjìn dání, ọrùn á ro yín. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá àbẹ́là Àjíǹde tí Renier van Thienen fi idẹ ṣe ní nǹkan bí 1483, ó ga ju mítà 5 lọ. Bàbá mi àgbà ń da idẹ, mo mọ iṣẹ́ tí mò ń wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà sídìí rẹ̀.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Sunday tẹ́ ò bá ní mọ́tò. Bọ́ọ̀sì ò wọ́pọ̀.

Wákàtí méjì lẹ béèrè, àbí? Mo lo mẹ́rin. Mi ò tíì wo ère Màríà tó kọjú síhà méjèèjì tí wọ́n so rọ̀ lókè dáadáa tí olùtọ́jú ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mi kọ́kọ́rọ́ sí mi.