Ẹ Bi Màmá Olódòdó: Kẹ́tùrù Tó Ti Jò Kì Í Ṣe Ohun Àsọnù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Olódòdó. Ọjọ́ Sátidé ni ọmọ mi obìnrin ṣègbéyàwó. Nígbà tí ayẹyẹ parí, àwọn tó ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ ní kí n máa kó òdòdó tó kù lọ. Inú mi dùn, mo kó wọn sínú korobá, mo bomi sí i, mo gbé e sí ojú fèrèsé. Kó tó di ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn ti dorí kodò. Mo lọ wo fáàsì lọ́jà, iye tí wọ́n pè é kọjá agbára mi. Ṣé kò sí nǹkan tí mo lè lò nínú ilé? *Ìyá Ìbejì, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní o. Kí ẹ tó náwó fáàsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, nítorí ibẹ̀ la máa ń ti àwọn nǹkan tó ti bàjẹ́ tí ọkàn wa kò gbà kí a sọ nù sí.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, kẹ́tùrù kan wà níwájú mi lórí tábìlì. Ìyá mi ló ni ín. Aláró ni wọ́n, Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ, kẹ́tùrù yìí ni wọ́n sì fi ń se omi tíì ní kùtùkùtù kí wọ́n tó lọ sídìí ìkòkò aró. Ìdí rẹ̀ jò. Alágbẹ̀dẹ jó o lẹ́ẹ̀mejì, ó tún jò. Nígbà tí wọ́n papò dà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé e dànù, mo ní kí wọ́n gbé e fún mi. Mo fi ife ike kan sínú rẹ̀, mo bomi sínú ife náà, mo wá ki ixora sí i, ixora pupa tí wọ́n máa ń gbìn yí ilé ká, tí àwọn ọmọdé ń fa oyin ìdí rẹ̀ mu. Èéfín ṣì dúdú nídìí kẹ́tùrù náà, n kò sì fọ̀ ọ́. Pupa ixora a máa tàn lára dúdú yẹn ju bó ṣe ń tàn lára dígí lọ.

Ife inú yẹn gan-an ni ìdáhùn mi. Ohunkóhun tí ife tàbí ìgò ẹnu fífẹ̀ bá lè jókòó sínú rẹ̀ láìhàn síta, fáàsì ni. Agolo mílíìkì, apẹ̀rẹ̀, tíńpọ́ọ̀tù tí ọmọrí rẹ̀ ti fọ́, ìkòkò ọbẹ̀ tí etí rẹ̀ ti kán: kò sí èyí tó pọn dandan kó lè gba omi dúró fúnra rẹ̀.

Ojú mi ti rí i ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo bomi tààrà sínú orù amọ̀ kan, mo gbé e ka orí tábìlì ìrókò tí ọkọ mi fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe. Ìkòkò amọ̀ a máa làágùn. Ohun tó ń mú omi àmù tutù náà nìyẹn: omi ń yọ́ gba ara rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àmì funfun roboto ti yọ sójú igi náà, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Agolo ní tirẹ̀ a máa dógùn-ún.

Korobá kọ́ ló pa òdòdó yín. Oòrùn ojú fèrèsé wà níbẹ̀, ewé tó wọnú omi sì wà níbẹ̀. Ewé a jẹrà, kòkòrò àìfojúrí a pọ̀ nínú omi, wọn a dí ihò tí igi òdòdó fi ń fa omi. Nítorí náà, ẹ já gbogbo ewé tó bá máa kan omi. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ìdí igi ní dídagẹ̀rẹ̀. Àlùmọ́gàjí tó ti kú a máa tẹ̀ ẹ́ pa. Sínú lítà omi kan, ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì kan, kí ẹ kán Hypo sí i lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣúgà ni oúnjẹ wọn, Hypo ló ń pa kòkòrò. (Hypo a máa jẹ irin, ìdí mìíràn nìyẹn tí ẹ fi nílò ife inú.) Ní ọjọ́ méjì-méjì, ẹ pààrọ̀ omi, kí ẹ tún ìdí igi gé díẹ̀. Ẹ má sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò tó ń pọ́n, nítorí atẹ́gùn tó ń jáde lára èso bẹ́ẹ̀ a máa mú òdòdó tètè gbó.

Tó bá jẹ́ abọ́ ẹnu fífẹ̀ lẹ fẹ́ lò, ẹ fa sẹ́lòtéèpù tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu rẹ̀ ní ìbú àti òòró, kó rí bí àwọ̀n, kí ẹ máa ki igi kọ̀ọ̀kan sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Ṣágo kò nílò ìyẹn. Ẹ̀ka pèrègún kan ṣoṣo tó o, yóò sì ta gbòǹgbò nínú omi bó bá pẹ́. Hibiscus ni kí ẹ má fi da ara yín láàmú, ọjọ́ kan péré ni òdòdó rẹ̀ ń lò, ìbáà wà nínú omi ìbáà má wà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù. Òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní oleander, ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó rẹ̀ lè funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Májèlé ni láti gbòǹgbò dé òdòdó, omi tó bá dúró sí náà di májèlé. Ife tí ẹ bá fi òdòdó sí, ẹ fi sàmì, kó má padà sí ilé ìdáná mọ́ láé.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Màmá mi àgbà fún mi ní igbá fínfín kan láti Ọ̀yọ́. Ìyàwó mi fẹ́ fi òdòdó tí wọ́n ń pè ní daffodil sínú rẹ̀. Ṣé omi kò ní bà á jẹ́? Ṣé kì í ṣe àrífín? *Ọmọ Ọ̀yọ́*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, omi yóò bà á jẹ́. Ti pé a ń fi igbá bu omi mu kò ní kó lè gba omi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Yóò rọ̀, yóò bu, àgàgà níbi tí ọ̀bẹ afíngbá ti fín in fẹ́lẹ́. Wá ìgò jáàmù, gbé e sí àárín rẹ̀. Kí igbá má baà yí, ká aṣọ bí òṣùká sábẹ́ rẹ̀.

Ní ti àrífín, n kò rò bẹ́ẹ̀. Igbá ni a fi ń gbé ẹrù ìyàwó; ohun ẹ̀yẹ ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pe màmá àgbà lórí fóònù, kí o bi wọ́n bóyá igbá òrìṣà ni rí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ labẹ gé.

Ra daffodil nígbà tí kò tíì là, yóò là nínú ilé tó móoru. Oje rẹ̀ a máa pa òdòdó mìíràn, nítorí náà jẹ́ kó dá dúró nínú omi fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó pa á pọ̀ mọ́ òmíràn, ẹ má sì gé ìdí rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ó lè yún ara.

Ìbéèrè: Ọkọ mi ní omi òdòdó ń bí ẹ̀fọn. Ṣé òótọ́ ni? *Ìyàwó Kékeré, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó pẹ́. Nínú ooru wa yìí, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà omi tí ẹ ń pààrọ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì kò ní bí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n dídà á nù nìkan kò tó. Ẹ̀fọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilà funfun a máa lẹ ẹyin mọ́ ara ife, ẹyin náà sì lè wà láàyè fún oṣù púpọ̀ láìsí omi. Ẹ fi kànìnkànìn ha inú ife náà yípo, pàápàá ibi tí omi mọ.