Ìdí tí igba náírà fi ń jẹ́ àpò kan

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló béèrè ìdí tí a fi ń pe igba náírà ní àpò kan. Ó lọ ra iṣu ní ọjà Odò-Ògbè níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ìyá oníṣu ní kó mú àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá, kò sì mọ iye tí ìyá ń wí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni. Igba náírà ni àpò kan, àpò márùn-ún sì ni ẹgbẹ̀rún kan. Èyí kò le rárá.

Ohun tó bí mi nínú ni àlàyé tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan lórí rédíò. Ó ní láyé àtijọ́, bí igba náírà bá ti wọ àpò yẹ̀rì àwọn ìyá ọlọ́jà, àpò á kún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ fún un? Àpò aṣọ kò bá ọ̀rọ̀ yìí tan. Àpò owó ẹyọ là ń wí, èyí tí àwọn baba wa tún ń pè ní ọ̀kẹ́.

Láyé owó ẹyọ, ta ni yóò jókòó máa ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ lọ́kọ̀ọ̀kan? Wọ́n á dá a lu, wọ́n á sín in sókùn ní ogójì ogójì. Okùn márùn-ún ni igba. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń pé ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ, alágbàrù ló sì ń rù ú. Ẹ wá fi kọ́bọ̀ ka igba náírà. 20,000 kọ́bọ̀ ni, kò lé, kò dín.

Àwọn àgbà kan á ní láyé pọ́n-ùn, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni àpò kan, àti pé nígbà tí náírà dé ní January 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àpò náà di igba. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn tó ń ná pọ́n-ùn ti rí i pé àpò ni wọ́n fi ń ka owó ńlá? Lọ́dọ̀ àwọn tó ná owó ẹyọ ṣáájú wọn ni.

Igba gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Lọ́dọ̀ Yorùbá, òṣùwọ̀n ni igba, bí kílò ṣe jẹ́ òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó. Igba mẹ́ta la pè ní ẹgbẹ̀ta, igba mẹ́rin ni ẹgbẹ̀rin, igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún. Òwe kan wà tí gbogbo èèyàn ń pa láìwo ìdí rẹ̀: ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu, tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, á wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Bí ẹ bá ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní irọ́ kò dáa, ó tán. Kí ló dé tí òwe náà kò fi sọ pé ó gbin ogún, ó pè é ní ọgbọ̀n?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé oko. Bàbá mi dáko lọ́nà Ìfẹ̀tẹ̀dó, wọn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ éékà. Bí alágbàṣe bá dé, iye tí wọ́n máa gbà lórí igba ebè ni wọ́n kọ́kọ́ ń dúnàádúrà lé. Bó bá dìrọ̀lẹ́, bàbá á ṣẹ́ ẹ̀ka ewúro wẹ́wẹ́ sọ́wọ́ òsì, wọ́n á máa rìn láàárín poro. Bí wọ́n bá ti ka ogún ebè, wọ́n á fi ẹ̀ka kan gún orí èyí tó ṣe ìkogún. Bí ẹ̀ka mẹ́wàá bá ti gúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Ó di kan." Ẹ gbọ́ o, kan! Igba ebè, kan ṣoṣo ni lẹ́nu àgbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún, ìlàjì ló ní. Bó bá wá ní igba lòun gbìn, ohun tó ń sọ fáwọn ará oko ni pé kan òun ti pé, kí wọ́n ka òun mọ́ ọkùnrin, kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn ṣe àáró, kí wọ́n yá òun lówó de ìkórè. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ ohun tó yí mi lọ́kàn padà. Òṣùwọ̀n ni ọkùnrin yẹn bà jẹ́, ìdí nìyẹn tí òwe náà fi jẹ́ kí ebi pa á, tí kò fi mọ sórí ìtìjú.

Ẹlòmíràn béèrè bóyá àwọn aládùúgbò wa náà ní irú rẹ̀. Wọ́n ní in. Ní Wídà, ní ilẹ̀ Dàhómì tó di orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ogójì ẹyọ ló ń wà lókùn kan níbẹ̀ náà, okùn márùn-ún sì ní orúkọ tirẹ̀. Galinha ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ń pè é, orúkọ tí Potogí ń pe adìyẹ. Igba náà nìyẹn! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gòkè lọ sí ilẹ̀ Haúsá, wọn kì í sín in sókùn, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kó o jọ kà. Lónìí, Haúsá tó wà ní orílẹ̀-èdè Niger ń fi dala ka sẹ́fà, ìyẹn owó fránkì wọn (CFA), dala kan jẹ́ fránkì márùn-ún, bó bá sì ní ọgọ́rùn-ún dala, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fránkì ló ń bi yín. Ìbátan rẹ̀ ní Kánò, náírà ló ń ná. Òyìnbó fa ààlà, wọ́n gbé sẹ́fà kalẹ̀ ní 1945, àwa náà gbé náírà kalẹ̀, oníkálukú sì ń fi òṣùwọ̀n àná ka owó tuntun.

Ti kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà kò gba àlàyé púpọ̀. Gánà ní kóńgò tiwọn, olonka, Bẹ̀nẹ̀ náà ní tongolo, bẹ́ẹ̀ Faransé kọ́ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ní kílò àti lítà títí. Ohun tí mo kórìíra ni kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú kó má baà gba gàrí tó pé, tí ẹni tó lù ú á tún bu ènì díẹ̀ sí i bí ẹni tó láàánú.

Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ẹ ní kí ọmọ tó ń ṣe girama ka ẹgbẹ̀rin fún yín, á wo ojú yín. Òbí ló kọ̀ láti kà á sétí rẹ̀, olùkọ́ náà sì ń sáré tẹ̀lé ìwé òyìnbó. Ọmọ yẹn kan náà á ṣí ìwé ìròyìn Yorùbá, á rí àádọ́ta ọ̀kẹ́ níbẹ̀, á sì mọ̀ pé mílíọ̀nù kan ni. Kó fi àádọ́ta sọ 20,000 di púpọ̀, á rí i pé àpò owó ẹyọ ni ìwé ìròyìn ń kà fún un.